Tíṣà Jókòó Lórí Tìmùtìmù Mi

                                        Òkè ṣọ́ọ̀bù káfíńtà,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ rò fún ọ kí n má baà bẹ́.

O mọ̀ pé ọkọ mi ń lọ kọ́ Òyìnbó ní ọ̀sán Sátidé, kó lè máa kọ nǹkan sára àga tó bá kàn. Obìnrin ni tíṣà wọn. Olóhùn Iyọ̀ ni mò ń pè é, torí orúkọ rẹ̀ ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu ọkọ mi, kì í kúrò níbẹ̀. Bó ń fá pákó, Tíṣà ní báyìí. Bó ń jẹun, Tíṣà ní báun. Sátidé nìkan ló sì ń fá irùngbọ̀n.

Ohun tó wá gbà á lọ́kàn jù ni bí àwọn Òyìnbó ṣe ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fi júwe nǹkan. Àwa á ní "àga tí a fi ọwọ́ ṣe." Wọn kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú "hand", ìyẹn ọwọ́, wọ́n á fi "made" tì í lẹ́yìn, ìyẹn ohun tí a ti ṣe, wọ́n á wá gbé méjèèjì síwájú àga: "handmade chair". Pákó tí oòrùn mú gbẹ di "sun-dried". Aṣọ tí kòkòrò jẹ di "moth-eaten". Gbogbo ẹrù ilé wa ló ti sọ lórúkọ báyìí. Mo ní kó wá ọ̀kan fún ìyàwó rẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ.

Owú jẹ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ̀wù mi ti ń fẹ̀ jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún wá tìmùtìmù elése àlùkò tí mo fi ọwọ́ rán fún pálọ̀ wa tì. Ó ní oníbàárà kan ló rà á.

Lánàá, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Obìnrin náà lẹ́wà, ká má parọ́. Orí tìmùtìmù mi ló jókòó sí.

Mo ti ń di ìborí mi le nígbà tó dìde, tó gbé e sókè. Ó ní, "Ẹ wò ó, 'hand-sewn' nìyí, ohun tí a fi ọwọ́ rán. Ẹni tó rán an ń bẹ láàárín yín. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ ò lè rí ibi tí òwú parí sí. Irú ọwọ́ yìí ṣọ̀wọ́n!"

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Ó dìde, ó ń tẹríba bí ọkọ ìyàwó. Bó ṣe yíjú báyìí, ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo fa abẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì mi. Mo ní, "Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki òwú bọ̀ ọ́ kí wọ́n rí i." Ọwọ́ tó ń kan ìlẹ̀kùn ki òwú títí, òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, Tíṣà alára sì wá dì mọ́ mi.

Nígbà tí a délé, ó bẹ̀ mí. Ó ní kì í ṣe obìnrin náà lòun ń wá, pé nígbà tí òun gbé tìmùtìmù náà lọ, Tíṣà yin iṣẹ́ rẹ̀ débi pé òun kò lè sọ pé kì í ṣe tòun. Mo gbà á gbọ́, owú náà kò sì lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń rán tìmùtìmù sórí àga rẹ̀, kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé ó dáa. Ó sì mọ̀ pé ó dáa, ọ̀rẹ́ mi. Ó mọ̀ ọ́n débi tó fi sọ ọ́ di tirẹ̀.

Kí màmá, kí àwọn ọmọ fún mi. Kí baálé rẹ náà. Bó bá yìn ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, jọ̀wọ́, má kọ ọ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ tí owú ṣì ń jẹ,
Ìyá Alábẹ́rẹ́