Irun Kan Níwájú Ìmọ́lẹ̀

Krofrom, Kumasi

Mọ́mì Ìnísà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí Dádì àti gbogbo ará ilé. Àlàáfíà la wà; ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́, wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ẹ̀kọ́ físíìsì ọlọ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ṣe fún wa ní ọlidé. Lọ́jọ́ kan, Akosua tí a jọ jókòó fa irun kan lórí mi, a tan iná lésà pupa tín-ín-rín sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà pín sí àmì-àmì, wọ́n tò sára ògiri bí ìlẹ̀kẹ̀. A wọn àlàfo àárín wọn, a ṣírò, a sì mọ bí irun mi ti nípọn tó.

Akosua ní, "Ao, Ọdúnọlá, ṣé ò ń sunkún ni?" Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyanu náà ti mú omi bọ́ lójú mi.

Láti ìgbà náà, ńṣe ni mò ń rìn bí ẹni tó ń lálàá. Físíìsì ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí Bàámi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé mo máa kọ́. Mo sọ fún Bàámi lánàá. Wọ́n ní, "Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìnísà. Ohun tí wọ́n bá sọ la ó ṣe."

Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí n ka físíìsì. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle.

Ọmọ yín,
Ọdúnọlá