Ètò Tó Ń Ṣiṣẹ́ Látinú Páálí

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ibi tí lẹ́tà yìí bá ti bá ọ, kí ó bá ọ ní ìjókòó ìrọ̀rùn, kí ara rẹ le, kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ máa jí ire. Ara èmi náà le, àfi orúnkún òsì tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀ kí àwọn onírédíò tó mọ̀. Aládùúgbò wa tó ń ránṣọ ló ń lọ ra òwú ní ìlú yín, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí fóònù rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní kí n fi ohùn mi sílẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò lè fi í sílẹ̀, ohùn yẹn nìkan ló kù nínú ilé yìí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí kò gbọ́. Tó bá jẹ́ ará ibi iṣẹ́ rẹ ni, bá mi kí i, ṣùgbọ́n kí ó dín agídí kù.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. O sọ fún mi pé ètò tí a ó fi máa rí ojú ara wa ti wà nínú rẹ̀, o ní kí n má ṣèyọnu, látinú páálí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi, mo gbọ́ràn. Mi ò yọ ọ́ nínú páálí. Mo gbé páálí náà sórí tábìlì bàbá rẹ, mo la ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, mo tọ́jú irun mi, mo wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí o rà fún mi, mo sì jókòó tì í. Odidi ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì mo gbé etí lé e. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ ni, mo bá ń sọ̀rọ̀ sínú páálí náà díẹ̀díẹ̀, bóyá o máa gbọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Gbogbo ìròyìn ilé ni mo rò síbẹ̀ tán. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó rẹ̀ mí láti tún un rò.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo lọ pè. Jẹ́-N-Wò-Ó là ń pè é, torí kò sí ohun tí o máa bi í tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn, kódà kí o bi í pé aago mélòó ló lù. Ó wo páálí, ó wo èmi, ó sì yíjú sẹ́yìn kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó yọ kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ìgbà yẹn ni ìdààmú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ṣe ètò náà kọ́kọ́ gbé àdéhùn kan jáde lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ ‘mo gbà’ sí. Jẹ́-N-Wò-Ó ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́, pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo ní èmi ka ìwé mẹ́wàá, ọ̀gá wa nílé-ìwé sì ti kìlọ̀ fún wa pé a kì í bọwọ́ lùwé tí a ò kà. Mo kà á láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé ìwọ kà á? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn ò ṣèlérí pé ètò náà yóò ṣe ohun tí a torí rẹ̀ rà á. Alágbẹ̀dẹ wo ló máa ta ọkọ́ fún ọ, tí yóò ní òun ò mọ̀ bóyá ó máa kọ ebè? Mo tẹ̀ ẹ́ náà, nítorí ojú rẹ ni mo fẹ́ rí.

Ni ètò náà bá ní òun ò lè ṣiṣẹ́ àfi tí ètò kejì bá wà nílé. Jẹ́-N-Wò-Ó wá ìyẹn wá, ìyẹn náà ní ẹ̀kẹta lòun ń dúró dè. Ẹ̀kẹta dé, ó ní ẹ̀kejì ti gbó jù, òun ò lè bá a gbé. Mo ní kò yà mí lẹ́nu, bí ẹ̀yin ọmọ mi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: ìwọ ní tí àbúrò rẹ bá ti gba ìsinmi ẹ ó jọ wá, àbúrò rẹ ní ìwọ lòun ń retí, àbíkẹ́yìn ní òun ò lè dá wá láìsí ẹ̀gbọ́n òun. Ọdún kẹta rèé. Jẹ́-N-Wò-Ó ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó,” ó sì ń padà wá lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin tó ti ń wá, ètò náà ṣiṣẹ́. Ó bá mi pè ọ́, oníbàárà kan wá fi fóònù pè é sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní tí ojú bá ti yọ kí n ṣáà kí i, ó sì lọ. Ojú yọ lóòótọ́, kì í ṣe ìwọ. Ìyá àgbà kan ni, irun rẹ̀ funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo rò pé ìyá ìyàwó wa ni, pé ó ti ń gbé lọ́dọ̀ yín, inú mi ò sì dùn sí i, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n àgbà làgbà ń jẹ́. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ọ̀sán o, mà. Ṣé àwọn ọmọ wà nílé?” Bí mo ṣe ń tẹ orúnkún ni òun náà ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà, ẹ jù mí lọ. Ẹnu rẹ̀ ń lọ bí tèmi, kò sì fèsì. Ìgbà tí mo rí búláòsì aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀ ni mo tó mọ̀.

Ó ń dún, ó ń dún, o ò gbé e. A jọ jókòó síbẹ̀, èmi àti ìyá àgbà yẹn, títí ó fi dákẹ́.

Mi ò mọ̀ pé mo ti gbó tó báyìí. Dígí yàrá ti ṣú, ojú mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó sì dá mi lójú pé ìwọ náà ò mọ̀. Jọ̀ọ́, má dúró de àbúrò rẹ mọ́.

Jẹ́-N-Wò-Ó ní ẹ̀dà tuntun ètò náà ti jáde, pé kí n ní kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ̀dà tuntun. Tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí o lè wá, owó ọkọ̀ ni kí o fi rán aránṣọ sí mi, èmi ni n ó wá. Àlọ nìkan ni o, má fi ti àbọ̀ sí i. Nígbà tí mo bá fẹ́ padà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sìn mí wálé.

Ẹni tí o bá pè yóò máa dá ọ lóhùn. Ọ̀nà rẹ kò ní jìn sí àwọn ọmọ rẹ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà lójú àwọn tó mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.