Gìtá Tó Ní Ó Kù Díẹ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá wa. Ẹ kú ìdúró lẹ́yìn àga, ẹ kú ìtẹjúmọ́ orí olórí. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ojú Ore ní Ọ̀tà títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun yín ní Ìkirè. Bí irun bá kún ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má dààmú, mo ti mọ̀ kí n tó dọ̀bálẹ̀. Mo kí Ìyá wa. Mo kí Ìyá Àgbà, mo sì kí ewúrẹ́ tí wọ́n ń bá jà. Mo kí àwọn àbúrò mi tó ti ga jù mí lọ láìgbàṣẹ. Mo kí ẹ̀yin oníbàárà náà tí ẹ jókòó lórí bẹ́ńṣì tí ẹ ń dúró kó kàn yín. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, iṣẹ́ kékeré kan sì ń bẹ fún yín ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Bàbá, ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà ilé sínú ìwé ìròyìn. Tí mo bá pè yín lórí fóònù, kílípà ló máa ń gbọ́ mi, ẹ̀yin á kàn ní hẹ̀n, hẹ̀n, ẹ ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn oníbàárà, láti orí ọ̀rọ̀ òṣèlú dé orí ìkéde òkú. Níwájú wọn náà sì lẹ ti dájọ́ Mojí, àbúrò mi. Ibi tí a ti dájọ́ ló yẹ kí a ti ka èsì.

Kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ̀: nígbà tí a wálé ọdún, Mojí gbé gìtá rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó ta orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá. Orin tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lórí ìwé ni, tí wọ́n ń fi èékánná ta, tí a ń jókòó gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ dé ìdajì, ẹ ní orin tí kò lọ́rọ̀ nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì jó sí, kí ló fi yàtọ̀ sí kí a máa fá orí láìlómi? Ẹ wá ní kí ó lọ ta á níwájú àwùjọ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá jókòó gbọ́ ọ tán, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dìde kó tó parí, kí ó gbé gìtá kọ́ ara ògiri, kí ó wá gba iṣẹ́ akọ̀wé ní kánsù, èyí tí oníbàárà yín kan ti ń ṣèlérí láti ìgbà tí irun ṣì wà láàárín orí rẹ̀.

Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní èmi ni kí n lọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ní kí n má wo ọwọ́ ọmọ yín o, ojú àwọn ènìyàn ni kí n máa wò, bí ẹ ṣe ń wo ojú oníbàárà nínú dígí. Ẹ ní ènìyàn lè fi ẹnu sọ pé irun dára, ṣùgbọ́n tó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo ti lọ, mo sì ti wò. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi díẹ̀, torí Ìyá wa yóò bèèrè. Iṣẹ́ ń lọ. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní Pólì, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ní Ṣàngó sì mọyì rẹ̀ gan-an: wọ́n ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ, kí n máa yọ kẹ́ẹ̀gì. Oòrùn ibí mú. Tí òjò bá sì rọ̀, ojú ọ̀nà á di odò, gbogbo wa á bọ́ bàtà sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Owó tó ń wọlé mọ ọ̀nà àbájáde jù mí lọ. Kí Mojí tó wá bá mi gbé, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, fáànù ni mo máa ń kí pé ó kú ilé. Tí iná ò bá sí, kì í dá mi lóhùn.

Nísinsìnyí a ti di méjì. Mojí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lórin. Tó bá dé, á wọ balùwẹ̀ lọ, á tilẹ̀kùn, á máa ta gìtá, ó ní ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń dún dáadáa. Àwọn ará ilé á tò pẹ̀lú korobá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kẹ́dùn pé ọmọ yìí mà ń tọ́jú ara ẹ̀ o. Èmi alára kò fetí sí ohun tó ń ta níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá ń gbọ́ lójoojúmọ́, ariwo ló ń dà.

Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí, lọ́sàn-án. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yá a ní gbọ̀ngàn wọn. Èmi ni mo pe èrò. N kò purọ́ fún ẹnì kankan, Bàbá. Mo kàn ní ìnáwó kékeré kan wà, mo sì dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìnáwó tó fojú inú rí ìrẹsì, òun ló fojú inú ara rẹ̀ rí i. Ìyá Rídíwàn tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà wa gbé ike olómọrí dání. Wàsíù ọlọ́kadà kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa wá, súpáfáísọ̀ mi náà wá, ó wọ kóòtù. Gbọ̀ngàn kún. Kí ẹ má bàa ní òjò ló dá wọn dúró, òjò kò rọ̀. Oòrùn ló ń ràn, fáànù kò yí.

Mojí jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré, kò sí makirofóònù, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wàsíù bi mí létí pé àwọn tó kù dà. Mo ní kò sí ẹni tó kù. Ó mi orí, ó ní ọmọdébìnrin yìí, wọ́n ti já a jù sílẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí àbúrò mi, mo kọjú sí èrò, bí ẹ ti wí. Súpáfáísọ̀ mi ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń wá kẹ́ẹ̀gì tó ní ihò. Ìyá Rídíwàn ń wo ilẹ̀kùn tó yẹ kí ìrẹsì gbà wọlé. Níta, wẹ́dà kan ń gé irin, ariwo rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé láìsanwó ìwọlé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa. Orin parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn. Mo sì rí i, Bàbá. Mo rí ọwọ́ tó gbéra tó lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Kì í ṣe ọwọ́ kan.

Láàárín orin kejì, ọlọ́kadà kan ṣàánú rẹ̀. Ó dìde, ó jó lọ síwájú, ó sì jó padà sáyè rẹ̀, nítorí náà n kò ka òun mọ́ àwọn tó dìde. Ó lẹ owó mọ́ Mojí níwájú orí. Òógùn kò jẹ́ kó lẹ̀, owó já bọ́, ó gba ihò gìtá wọlé lọ. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Mojí dá dúró, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń jí owó nínú kóló. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Inú mi ì bá dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí nínú ìdájọ́ tí ẹ dá.

Ó wá kan orin kẹta, èyí tó gbẹ̀yìn. N kò ní purọ́ fún yín: ó bẹ̀rẹ̀ ni, Wàsíù dìde. Kò jó. Ó yọ́ kẹ́lẹ́, ó sì jáde.

Bàbá, ọkàn mi lọ sí kánsù tààrà. Mo rí tábìlì. Mo rí eruku orí tábìlì. Mo rí Mojí lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ fún ẹnì kan pé ọ̀gá ò tíì dé. Wẹ́dà ṣì ń gé irin rẹ̀ níta. Lẹ́yìn náà ni ariwo irin dá wáí. Wàsíù wọlé padà, wẹ́dà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, awò dúdú níwájú orí, wọ́n wá àyè jókòó. Wàsíù tẹ̀ sí mi létí pé kí n má bínú, òun lọ bẹ ọkùnrin náà kó sinmi díẹ̀ ni, nítorí òun ò gbọ́ ohun tí gìtá yẹn ń sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà fún àwọn oníbàárà. Ó ní ohun tí gìtá ń SỌ.

Ìgbà náà lèmi náà gbọ́ ọ. Orin náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó máa ń padà sí ṣáá: mí-re-mí, mí-dò-mí-dò. Nígbà tó padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìyá Rídíwàn dáhùn tòótọ́ tòótọ́, ó ní hẹ̀n-ẹ́n, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ọwọ́ kankan kò sí lẹ́yìn ọrùn mọ́. Ìka súpáfáísọ̀ mi ń tẹ orúnkún rẹ̀.

Orin parí. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ìjà ló bẹ́.

Wàsíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ohun tí àwọn èrò ẹ̀yìn òun máa ń wí nìyẹn tí wọ́n bá ti sanwó dé oríta tí wọ́n sì fẹ́ kí òun gbé àwọn dé ẹnu ọ̀nà ilé: Gbé mi dé, ó kù díẹ̀! Àwọn ọlọ́kadà hó yèè. Ìyá Rídíwàn ní etí Wàsíù ti di nítorí afẹ́fẹ́ orí ọ̀kadà, pé ohun tí òun fi ń polówó mọ́ínmọ́ín ní ìdájí ni: Wá jẹ ẹ́, ó kù díẹ̀! Wàsíù ní ìyá, ẹ tilẹ̀ tajà débí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa wá kọjú sí súpáfáísọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní àwọn mọ ohùn náà, kì í ṣe ọlọ́kadà, kì í ṣe mọ́ínmọ́ín, ọ̀gá ni, nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán tí a ti wẹ ọwọ́: Má relé, ó kù díẹ̀. Súpáfáísọ̀ ní òun kì í sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa wò ó. Ó ní ó dáa, òun máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí i pé gbogbo wọn gbà lórí ìparí rẹ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn pé ó kù díẹ̀. Ní ìlú wa yìí, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nìyẹn.

Wọ́n ní kí Mojí tún un ta, kí wọ́n lè mọ ẹni tó jàre. Ó tún un ta, ìjà le sí i. Wọ́n ní ó di ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bàbá, àwọn tó ń retí ìrẹsì jókòó nínú ooru, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìwé ìhágún, wọ́n sì gbọ́ orin kan náà tún ara rẹ̀ sọ láìsí pé ẹnì kan gbé ìdí kúrò lórí àga. Wẹ́dà ló wá ní kí wọ́n má pa ara wọn, olóhun kúkú wà níbẹ̀, kí wọ́n bi í.

Mojí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní onígbàjámọ̀ ni bàbá òun, ní Ìkirè. Ó ní tí ọmọdé bá ń sunkún lórí àga, bàbá òun kì í lù ú, kì í sì í pariwo mọ́ ọn, wọ́n á kàn tẹ̀ sí i létí, wọ́n á máa sọ ọ́ bí orin títí irun á fi tán. Ó ní ohun tí gìtá ń sọ ni: Má mirí, ó kù díẹ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí orí èmi fúnra mi. Láti ìgbà tí orin náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ti dúró gbagidi lórí ọrùn, kò mì, n kò sì mọ ẹni tó pàṣẹ fún un. Èmi náà ti jókòó lórí àga yẹn rí, Bàbá. Orí mi rántí yín kí èmi tó rántí.

Ẹ ì bá gbọ́ igbe tó sọ. Wàsíù ní òun gbà, onígìtá borí ọlọ́kadà. Mojí tún un ta, gbogbo gbọ̀ngàn bá a kọ ọ́, Má mirí, ó kù díẹ̀, wẹ́dà ló gba ohùn ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ohùn okùn tó gbẹ̀yìn kú tán pátápátá ni wọ́n tó dìde, wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ tí yóò pa gbogbo ẹ̀fọn Ọ̀tà. Ìyá Rídíwàn gbàgbé ike rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Igbesa ti ní kó wá ta á fún àwọn náà. Ní ilé-iṣẹ́ wa, súpáfáísọ̀ kì í sọ pé ká má relé mọ́, ó kàn ń súfèé ni: mí-re-mí. A ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Èsì tèmi nìyẹn. Kí ẹ kí oníbàárà yín ti kánsù, ẹ ní kó fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà, tó bá ti rí i.

Ẹ̀yin ará orí bẹ́ńṣì, iṣẹ́ yín rèé. Bí Bàbá ti ń ka ibí yìí, dígí ńlá wà níwájú wọn. Ẹ má wo lẹ́tà, ojú wọn ni kí ẹ bá mi wò. Ọwọ́ wọn dí, wọn ò lè fi kan ẹ̀yìn ọrùn, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi dì mú. Tí ẹ bá rí omi kan lójú wọn, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn tẹ̀ sí wọn létí pé kí wọ́n má mirí, ó kù díẹ̀.

Kí abẹ yín máa mú, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n, kí orí tí ẹ ń tọ́jú máa gbè yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jókòó ní ìlà iwájú nígbà tí Mojí bá máa ta á ní Ìkirè. Ẹ bá mi kí Ìyá wa, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo agboolé pátá. Tí ewúrẹ́ bá ṣẹ́gun, ẹ kí òun náà.

Èmi ni ọmọ yín tí orí rẹ̀ kò mì,
Délé