Ìtẹ̀sẹ̀ Gàárì Tí O Kò Dá Padà Sípò

Harlan Fork, Wyoming,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1978.

Royce, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Darlene ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo fẹ́ kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ara líle ní Denver. Ní ti ọkàn, mi ò lè ṣèlérí pé tìrẹ yóò balẹ̀ nígbà tí o bá kà á tán, nítorí tèmi kò balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Yìnyín ti bò wá láti ọjọ́ Ẹtì. Àwọn màlúù ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ Bàbá kọ́ ló kó wọn wálé.

O ti gbọ́ lórí tẹlifóònù pé Bàbá ṣubú lórí ẹṣin, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Ohun tí mi ò sọ ni ìdí tí wọ́n fi ṣubú. Darlene ló gbé tẹlifóònù lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ máa tú ọ̀rọ̀ ilé wa sí i létí.

Rántí oṣù karùn-ún tí o wá bá wa sàmì sára àwọn ọmọ màlúù. Ikọ́ ń ṣe Bàbá, wọ́n ní kí o mú gàárì tiwọn. Ẹsẹ̀ rẹ gùn, tiwọn kúrú, o sì fẹ́ kí ìtẹ̀sẹ̀ méjèèjì tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ túbọ̀ wálẹ̀. Àwọn ihò ara awọ tó gbé wọn kọ́ kò tó ọ. Mo bá ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, o ń fi ìṣó àti hámà lu ihò tìrẹ sí etí awọ. Mo ní, "Royce, kí ni ìṣó ń wá lára awọ? Irin tí mo fi ń lu ihò wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi, lọ mú un jàre." O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin oníṣẹ́ awọ yìí náà! Ihò kì í ṣe ihò ni?" Mo ní kò burú, àmọ́ kó o dá ìtẹ̀sẹ̀ padà sí ihò Bàbá kó o tó sọ gàárì kalẹ̀. O ní, "Kí n tó fẹnu kan oúnjẹ ni."

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí àfonífojì yìí tí kò mọ òfin náà. O lè yá gàárì ẹlòmíràn, o lè yá ẹṣin rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti padà síbi tó fi sí. Ihò kẹrin láti òkè ni ti Bàbá, lọ́tùn-ún àti lósì, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. O jẹ bísíkítì àti ọbẹ̀ ẹran tí mo sè, o mu kọfí ife mẹ́ta, o wọ mọ́tò rẹ, o lọ. Èmi náà jẹ̀bi. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń gbé gàárì wá bá láti tún un ṣe, mi ò wo ti bàbá tó bí mi, nítorí pé mo gbà ọ́ gbọ́.

Gàárì náà wà lórí igi ìgbékọ́ nílé ẹṣin títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ara Bàbá yá, tí a sì ń lọ kó màlúù. Hollis Pruitt, aládùúgbò wa, ló bá wọn di í mọ́ ẹṣin. Nígbà tí Bàbá fẹ́ gùn ún, wọ́n rí i pé ìtẹ̀sẹ̀ ti wálẹ̀. Wọ́n ní, "Hollis, wò ó, gàárì yìí ti mọ̀ pé orúnkún mi ti gbó. Ó ń bẹ̀rẹ̀ fún mi!" Hollis ní, "Ẹ tètè gùn ún, Bàbá, kó tó yí ọkàn padà." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

O mọ irin pẹlẹbẹ tó ń di awọ náà mú. Eyín méjì ló ní. Eyín méjèèjì ló yẹ kó wọ ihò, kí ìdérí irin wá bọ́ lé wọn lórí kí wọ́n má bàa yọ. Àwọn ihò tí o lu kò ṣe déédéé, eyín kan ṣoṣo ló wọlé, ìdérí ò lè bọ́ sílẹ̀, o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Okùn awọ kékeré tó ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀, orí fèrèsé ilé ẹṣin tí o gbé e sí ni mo ti rí i nígbà tó yá. Eyín kan yẹn gbé ìwọ fún odindi ọjọ́ kan. Kò gbé Bàbá fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ṣe ń kọjá lórí ẹ̀yìn ẹṣin, eyín irin náà fa etí awọ ya, Bàbá sì fi ìbàdí sọlẹ̀ lórí òkúta.

Egungun náà ti ń jinná, dókítà ní wọ́n á tún rìn. Kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà títí lórí ibùsùn, wọ́n sì parí èrò sí pé àwọn fúnra wọn ló sọ ìtẹ̀sẹ̀ kalẹ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n wá gbàgbé. Wọ́n ní, "Verna, orí mi ti ń lọ. Bí mo bá lè ṣe èyí kí n má rántí, ọjọ́ wo ni mi ò ní dáná sun ilé mọ́ ọ lórí?"

Láti ìgbà yẹn, wọn ò fọwọ́ kan sítóòfù mọ́. Wọ́n ti fa Domino, ẹṣin wọn, lé Hollis lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn, wọ́n á dúró lójijì, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Orí wọn pé ju tèmi lọ, Royce! Lọ́jọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù yìí, agbẹjọ́rò ń bọ̀ wá pẹ̀lú ìwé tí Bàbá fẹ́ fọwọ́ sí, pé àwọn ò lè dá ìpinnu ṣe fún ara àwọn mọ́, kí á mú àwọn lọ sílé àwọn arúgbó.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú awọ tó ya náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ìṣó ló lu ihò yìí. Ṣé ẹ̀yin lè fi ìṣó lu awọ láyé yín? Royce ni. Ìṣojú mi báyìí ló ti ṣe é." Wọ́n gba awọ náà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yẹ ihò náà wò. Wọ́n wá ní, "Rárá o. Royce ò lè yá gàárì mi kó má dá a padà sípò. Èmi ni mo kọ́ ọ. Má purọ́ mọ́ ọmọdé nítorí tèmi." Ọmọdé! Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì!

Ṣé ó yé ọ báyìí? Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí orí àwọn dàrú ju kí ọmọ àwọn jẹ́ aláìbìkítà. Inú ń bí mi sí ọ, inú ń bí mi sí wọn, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹnu rẹ nìkan ni wọ́n máa gbà á gbọ́. Má pè wọ́n lórí tẹlifóònù, wọ́n á ní èmi ni mo bẹ̀ ọ́. Wá fúnra rẹ kí agbẹjọ́rò tó dé. Jókòó síwájú wọn, kí o sọ pé, "Bàbá, èmi ni." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ ya ọ̀nà ilé, kó sì la yìnyín fún ọ. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi ojú tí mo fi ń wò ọ́ lónìí wò ọ́ láéláé. Ohun tí o bá sì kọ́ wọn, kí wọ́n rántí rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ kan ṣoṣo,
Verna.

Ọ̀rọ̀ àfikún: Mo ti gé awọ tuntun sí gàárì náà. Mo bi Bàbá láàárọ̀ yìí bóyá kí n fi ìtẹ̀sẹ̀ sí ihò kẹrin. Wọ́n ní rárá, àwọn ò gun ẹṣin mọ́, kí n fi í sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ, kó má bàa ni ọ́ lára nígbà tí o bá wá lóṣù karùn-ún.