Mápó Kọ́ Ni Gábàsì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọsibítù ò tíì pè. Wọ́n ti gbé ọmọ tuntun jáde láàyè, ṣùgbọ́n Sìdíkátù ọmọ mi ò tíì lajú láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ní ká lọ dúró sílé.

Èmi gbẹ́nàgbẹ́nà tí mo máa ń pariwo pé àdúrà kì í kan ìṣó, èmi náà ni mo bọ́ bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ní Àrẹ̀mọ lónìí, tí mo kọjú sí òkè Mápó, tí mo forí kanlẹ̀. Nílé wa ní Ìdí Arère, apá Mápó la máa ń kọjú sí kírun. Mi ò rántí pé a ti ré Mápó kọjá.

Tíṣà, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ló rọra fọwọ́ kàn mí.

"Bàbá Sìdí, ẹ mà kẹ̀yìn sí gábàsì!"

Ojú tì mí. Mo yí padà, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ìyá Sìdí ti kú ni mo ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Lónìí tí mo wá ń bẹ̀ Ẹ́, ẹ̀yìn náà ni mo tún kọ́kọ́ kọ sí I.

Fóònù yìí, dún jàre.

Rárá, má tíì dún. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ́ ẹní.