Ìyá Àbíjàn, Ọmọ Ìfọ́n

Jímọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá
A sin Ìyá Àbíjàn lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ìyá tó bí mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa. Kúmásì, Àbíjàn, Níàmè, Mẹ́kà — ibo ni ẹsẹ̀ wọn ò tẹ̀? Faransé ni wọ́n fi ń bú ewúrẹ́ ilé wa. Àárò wọn ti ń sọ mí, àmọ́ orí mi ń wú. Ta ló tún ní irú wọn ní Ìlobù?

Sátidé, 8
Wàhálà dé. Ọmọ Ìfọ́n ni Ìyá, Ìlobù ni wọ́n lọ́kọ sí. Tí obìnrin bá kú, àkọ́bí ẹ̀ ló ń lọ túfọ̀ nílé baba ẹ̀, lórí ìdọ̀bálẹ̀. Fóònù ni Jàlálù, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àkọ́bí, fi túfọ̀. Fóònù! Ó ní látìgbà ìjà ilẹ̀ Ìlobù àti Ìfọ́n, ta ló ń forí ara ẹ̀ wọ Ìfọ́n? Bàbá Yàkúbù, àbúrò Ìyá, gbọ́ ọ tán, wọ́n pa fóònù. Wọn ò tiẹ̀ ní kí Ọlọ́run forí ji Ìyá.

Sọ́ńdè, 9
Ará Ẹ̀rìn wá kí wa. Ará Òṣogbo wá. Ìfọ́n — ẹnì kankan.

Àtìní, 10
Àlàmísì ni fìdáù. Tí ilé baba Ìyá ò bá jókòó níbẹ̀, ṣé ẹni tí kò ní ìran la sin ni? Ìyá tèmi? Rárá o.

Àtàláátà, 11
Mo lọ. Ọlọ́kadà ò kọjá ààlà, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Yàkúbù. Ojú wọn gbẹ táútáú. Wọ́n ní, "Munirah, o ṣeun. Àmọ́ àkọ́bí ò tíì sọ fún mi. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi kú."
Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò mọ̀ rí. Nígbà tí ìjà gbóná, tí ara Bàbá Yàkúbù ò yá, Ìyá lọ kí wọn. Ìyá wọkọ̀ lọ Òṣogbo, wọ́n gba ọ̀nà oko yí wá — odindi ọjọ́ kan, sí ìlú tí à ń gbọ́ ìpè ìrun ẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá ní ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni. Ìyá ní, "Mo dé Àbíjàn. Ṣé ilé bàbá mi ni mi ò wá ní í lè dé?"
Mo sunkún títí mo fi délé, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìyẹn.

Àlàrùbá, 12
Mo ro gbogbo ẹ̀ fún Jàlálù. Ó ní òun ò lọ, àwọn ọmọ òun ṣì kéré. Mo ní Ìyá tó jẹ́ arúgbó lọ. Kò jẹun alẹ́.

Àlàmísì, 13
Kí àwọn àáfà tó pé, Jàlálù ti wọ agbádá funfun. "Bọ́ síta, ká lọ." Àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n ń wò wá. Lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Yàkúbù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó ní, "Bàbá, ìyá wa ti kú."
Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n ké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Àwọn obìnrin ilé bá wọn ké e. Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú, wọ́n ní ká dúró de àwọn. Àwọn ń wá bàtà.