Àyè Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Yàrá Kejì, Ilé Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-ìwé.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí o. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, mo ń pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́. Ẹ fi sùúrù kà á, bí ẹ ṣe máa ń fi sùúrù dúró dè mí lọ́nà odò.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé bára wọn jà? Ara tiwa le níbí. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ìyá rẹ̀ náà ń tọ́jú mi, àmọ́ ẹ̀rù wọn ṣì ń bà mí, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ̀wé yìí gan-an kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń kún ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tó ń lọ sílé-ìwé àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ariwo wọn! Wọ́n á na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n á tan orin mẹ́ta lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí èyí tí èèyàn lè jó sí. Ojoojúmọ́ ni àwọn àgbà inú ọkọ̀ ń bú wọn pé ọmọ ìwòyí ò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà a máa mi orí, bí ẹni pé èmi kọ́ ni ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Oníwáyà, torí wáyà fóònù kì í kúrò létí rẹ̀. Kì í kí èèyàn. Ọmọ burúkú ni mo kà á sí, àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èébì gbé mi nínú ọkọ̀. Kí n tó fọwọ́ bo ẹnu, ó ti yọ wáyà, ó ti ki ọ̀rá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ti fi mí jókòó sáyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wá sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti fẹ́ra kù ni?"

Mo gbé ìka sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ báyìí. Oṣù kejì ló ń lọ. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ó ní ká jẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta ká tó sọ fún ìyá òun, torí oyún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, Oníwáyà tó ń wọkọ̀ ṣáájú mi á ti gbé báàgì rẹ̀ lé àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dè mí. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá kan tó dé fìlà fẹ́ jókòó síbẹ̀. Kí n tó wọkọ̀, ìjà ti bẹ́.

"Báàgì jókòó, àgbàlagbà wá dúró?"

Oníwáyà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ẹnìkan ló ni àyè yìí."

"Ta ni? Ṣé ìyá ẹ ni?"

Ó wò mí. Mo wolẹ̀. Ìyá oníbọ́tìnnì tí a jọ ń gbélé wà níwájú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ò sì lè sùn mọ́ wọn nínú. Àwọn èèyàn bú ọmọ yẹn, wọ́n bú ìyá tó bí i, títí dírẹ́bà fi dúró tó ní kó bọ́ọ́lẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, kò dárúkọ mi.

Látìgbà náà oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ayé, tí wọ́n ń pè ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, mo dúró wò ó tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bò mí láṣìírí. Mo ń bi ara mi pé kí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ gan-an.

Ọjọ́ méjì kò wọkọ̀. Láàárọ̀ òní ló padà dé, ó wà lórí ìdúró, kò gba àyè de ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá oníbọ́tìnnì nawọ́ sí i: "Ẹ wò ó, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́sí nìyẹn. Ṣé èyí náà á tún wọlé ọkọ?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ló ń gba àyè dè. Oyún ni mo ní."

Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Dírẹ́bà pàápàá bojú wẹ̀yìn. Orin fóònù dákẹ́. Bàbá onífìlà dìde, wọ́n ní, "Ìyàwó, o wà níbẹ̀ tí mo fi bú ọmọ ọlọ́mọ?" Wọ́n yíjú sí Oníwáyà: "Má bínú, ọmọ mi. Ẹnu mi yá jù."

Oníwáyà ní, "Ó ti tán, Bàbá." Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ Àǹtí, irú ohùn yìí lẹ gbé pamọ́ látọjọ́ yìí?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò kábàámọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ìyá oníbọ́tìnnì ti délé ṣáájú mi. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi lọ́sàn-án yìí, "Káàbọ̀" nìkan ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ. Ìyàwó tó sọ fún odidi bọ́ọ̀sì kó tó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, irú rẹ̀ wà rí? Ọkọ mi kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Yàrá ni mo sá sí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ bẹ̀ wọ́n ni, àbí kí n dúró de ọmọ wọn?

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra. Ẹ má tíì sọ fún Màmá wa o, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kọ tiwọn.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èsì,
Jẹ́jẹ́.

Bí mo ṣe ń ká ìwé yìí ni mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi lẹ́yìn ilé. Èmi ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní ta ló ní kí n gbé odidi garawa omi wọ ilé ìwẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní ṣé orí mi pé, wọ́n ní kí n jáde wá jókòó kíákíá, pé àwọn ti bu oúnjẹ dè mí.